Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Ka Owó Fàájì ní Yúróòpù

Kò sẹ́ni tó dìídì gbéra láti ka owó fàájì. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń wá kiri, tí fàájì fi bá a wọlé.

Ní 1855, Frédéric Le Play, ẹnjiníà ìwakùsà ọmọ Faransé, gbé ìwé jáde lórí ìdílé òṣìṣẹ́ 36 káàkiri Yúróòpù. Ó kọ iye tó ń wọlé fún wọn àti iye tó ń jáde sílẹ̀ kínníkínní. Ó fún fàájì láyè lóòótọ́, àmọ́ ìsọ̀rí kan náà ló kó o sí pẹ̀lú owó ṣọ́ọ̀ṣì, owó iléèwé ọmọ, ìtọrẹ àánú àti owó oògùn. Ẹ gbọ́ àdàlù!

Ọdún yẹn náà ni Édouard Ducpétiaux ṣe irú ẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tó di 1857, Ernst Engel, ọ̀gá ọ́fíìsì ìṣirò ní Saxony nílẹ̀ Jámánì, yẹ 153 nínú àwọn ìdílé Bẹ́ljíọ̀mù náà wò. Nínú 100 franc táwọn tó ń gba ìrànwọ́ ń ná, nǹkan bí 71 ló ń bá oúnjẹ lọ; ti àwọn tó rọ́wọ́ họrí jẹ́ nǹkan bí 62. Ẹ yọ owó ilé àti aṣọ kúrò, èérún ló kù.

Síbẹ̀, ibi tọ́rọ̀ ti le nígbà náà ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń pín ìnáwó sí ìsọ̀rí bó ṣe wù ú. Àtòkọ ìsọ̀rí ìnáwó ìdílé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1999 ló fún fàájì àti àṣà ní nọ́ńbà 09. Ajá, òdòdó, gìtá, ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kẹ̀kẹ́ kò sí níbẹ̀. Bí ará Nẹ́dálándì bá tiẹ̀ ń fi tiẹ̀ gbafẹ́ lọ sétí òkun, owó ìrìnnà ni wọ́n kà á sí. Ọtí tí ará Ìlú Ọba jókòó mu ní pọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ló lọ. Bí èmi bá rí àtẹ tó ní orílẹ̀-èdè kan kì í náwó fàájì, ilé ọtí wọn ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Ní Ìlú Ọba yìí kan náà, láti 1957 ni wọ́n ti ń fún ìdílé ní ìwé tí wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo ìnáwó wọn sí. Nígbà tó yá, ọmọ ọdún 7 sí 15 náà gba ìwé tiwọn. Bọ́ọ̀lù tọ́mọ náà bá rà, 09 ni. Súìtì rẹ̀ ń lọ sí 01, ìsọ̀rí oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti ẹran.