Ẹja tó o bá fi ìwọ̀ mú nílùú Ọba: ìkòkò ni àbí omi?

Okùn ti le, ọ̀pá ti tẹ̀ kòlòbà, carp kan tó tó kílò mẹ́rin ti wà nínú àwọ̀n létí canal, ìpẹ́ ẹ̀ ń dán gbinrin, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ nílùú Ọba, ata rodo àti efinrin ló máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Kò burú, nílé tí wọ́n bí wa sí, ẹja tó bá ti jáde lómi ti di ọbẹ̀. Àmọ́ ní England àti Wales, tó bá ti kúrò ní ti òkun, bí wọ́n ṣe to ètò ẹja pípa fún fàájì ni pé ẹja yẹn máa padà sómi láàyè, ibẹ̀ ni òfin ẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ ni irinṣẹ́ ẹ̀ náà ń lọ. Ẹni tí ò mọ̀ lè tìtorí ẹja kan ṣoṣo dé ilé ẹjọ́.

Ìwé ló kọ́kọ́ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní rod licence kó tó ju ìwọ̀ sódò, sí canal tàbí sí lake, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tó wà láàárín 13 sí 16 àmọ́ wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ gbà á, àgbà á sanwó. Orí GOV.UK ni wọ́n ti ń rà á, ti ọjọ́ kan wà, ti ọjọ́ mẹ́jọ wà, ti oṣù méjìlá wà. Ní England, Environment Agency ló ń mójú tó o, àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń rìn kiri etí omi, wọ́n láṣẹ bíi ti ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ ẹja, tí wọ́n bá bá èèyàn níbẹ̀ láìní láísẹ́ǹsì, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó £2,500.

Ibi tó ti ń ru ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé o: láísẹ́ǹsì yẹn nìkan ò tó. Omi kọ̀ọ̀kan ló lẹ́ni tó ni ín, ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀, ó lè jẹ́ káńsù, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn apẹja tó ń sanwó ibẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ canal sì wà lọ́wọ́ Canal & River Trust tó máa ń fi apá kan-kan háyà fún ẹgbẹ́. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí lèèyàn ti máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tàbí káàdì ẹgbẹ́. Bí ìwé ìwakọ̀ ni láísẹ́ǹsì ṣe rí, tíkẹ́ẹ̀tì wá dà bí owó tó o san níbi tó o páàkì sí, ọ̀kan ò gba ipò èkejì. Wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà omi, òfin ibẹ̀ sábà máa ń wà lára ẹ̀.

Odò tó ń ṣàn tún ní àsìkò tí wọ́n máa ń tì í. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀ wá carp, roach, perch tàbí pike nínú odò kankan ní England àti Wales, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń yé ẹyin. Ó ti pẹ́, ọdún 1878 ni òfin ẹ̀ kọ́kọ́ jáde, aṣòfin kan láti Sheffield tó ń jẹ́ Mundella ló gbé e wá, títí dòní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà dà bí ọjọ́ ọdún fáwọn apẹja ibẹ̀, àwọn míì máa ń wà létí odò látàṣálẹ́ kí aago méjìlá òru lè bá wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ canal àti lake ò sí lábẹ́ èyí, ẹni tó lomi ló máa sọ.

Ó wá kan ẹja fúnra ẹ̀. Nínú odò, tẹ́ni tó lomi bá ti gbà, òfin fàyè gba kéèyàn mú díẹ̀ lọlé lójúmọ́: pike kan tí ò ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ, grayling méjì tó wà láàárín 30 sí 38, àti ẹja wẹ́wẹ́ 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju 20 lọ. Ẹ wò ó dáadáa, èyí tó tóbi gan-an ni wọ́n ní kó padà sómi, bẹ́ẹ̀ àwa, èyí tó tóbi la máa ń wá. Ó sì mọ́gbọ́n dání, torí ìyá ẹja tó tóbi ló ń yé ẹyin tó pọ̀. Eel tó rí gbọọrọ bí ejò ò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀ rárá, láàyè ló gbọ́dọ̀ padà, ó ti ń parẹ́ lọ. Nínú lake tó jẹ́ tẹnìkan, ẹja ibẹ̀ dà bí ewúrẹ́ tó wà nínú ọgbà onílé, ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ, kó gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó ẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olè ni, ó wà nínú Theft Act ọdún 1968. Kéèyàn gbé e láàyè látinú omi kan lọ dà sínú omi mìíràn, ìyẹn náà ò bófin mu láìsí ìwé àṣẹ.

Ó lè jọ pé wọ́n ń ṣàṣejù lórí ẹja, àmọ́ wo carp kan tí wọ́n ń pè ní Benson, ní Bluebell Lakes lẹ́bàá Peterborough. Kílò bíi 29 ló wọ̀n, ó kú lọ́dún 2009, kó tó kú wọ́n ti fi ìwọ̀ mú un lé ní 60 ìgbà. Ẹja kan ṣoṣo! Gbogbo ìgbà tí wọ́n mú un, ẹnì kan ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ti ya fọ́tò, ti dá a padà, ẹlòmíì ti tún wá. Tẹ́ni àkọ́kọ́ bá ti gbé e lọ fi jẹ iyán, ó parí nìyẹn. Bí ètò náà ṣe ń dúró nìyẹn, ẹja kan náà làwọn èèyàn jọ ń pín, kò sì lè dúró tí ẹja bá ń padà sómi pẹ̀lú ọgbẹ́ tó máa pa á lọ́jọ́ kẹta.

Torí ẹ̀, ìṣẹ́jú bíi méjì tẹ́ja fi wà lọ́wọ́ èèyàn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kéèyàn tó ju ìwọ̀ rárá ló ti yẹ kó palẹ̀ mọ́, kó tẹ́ máàtì fóòmù sílẹ̀ kó sì da omi sí i kó tutù, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà nítòsí, kí ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn wà lápò, kí fóònù ti wà lọ́wọ́ ẹni tó máa ya fọ́tò, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú báàgì nígbà tẹ́ja ti ń jà lórí koríko ti pẹ́ jù. Kí ìwọ̀ jẹ́ èyí tí ò ní ẹ̀gún kékeré tó yí sẹ́yìn yẹn, ó rọrùn láti yọ, ọ̀pọ̀ lake ò sì gba òmíì. Kí okùn lágbára, torí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ́ kí ìjà pẹ́, ẹja tó sì ti jà títí dà bí ẹni tó sáré títí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, ó lè lọ tán kó kú níbi tójú ò tó. Àwọ̀n tí wọ́n fi ń gbé e gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ò ní kókó, òfin ni, torí kókó ń ṣí ìpẹ́ ẹja, ó ń ya lẹbẹ ẹ̀. Tó bá ti wọ àwọ̀n, má tíì gbé e, jẹ́ kó wà nínú omi bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó mí.

Kó o tó fọwọ́ kan ẹja, ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi. Ara yíyọ̀ ẹja tá a máa ń fi iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ̀ dànù nílé yẹn, aṣọ ẹ̀ ni, òun ni ò jẹ́ kí àìsàn ráyè wọlé. Ọwọ́ gbígbẹ tàbí táwẹ̀lì á nù ún kúrò, ẹja á sì lúwẹ̀ẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wàá rí nǹkan funfun bí òwú tó hù síbi tí ọwọ́ ti kàn án, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà.

Kúnlẹ̀ tì í, má dìde dúró gbé ẹja, torí yíyọ̀ ló máa yọ̀, tó bá sì já látibi àyà èèyàn dé ilẹ̀, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti fara pa. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà ẹ̀, ọwọ́ kan nítòsí ìrù, má ki ìka bọ ibi pupa tó ń ṣí tó ń pa dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, ibi tó fi ń mí nìyẹn, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀, tó bá ti gbé e mì dé ọ̀fun, má fà á, gé okùn sẹ́bàá ẹnu ẹ̀. Tó o bá fẹ́ ya fọ́tò, ọgbọ́n kan wà táwọn àgbà nídìí ẹ̀ fi ń kọ́ ọmọdé: bó o ṣe gbé ẹja kúrò lómi, dá èémí tìẹ náà dúró, ìgbà tó bá ń ṣe ẹ́ bíi kó o mí, òun náà ti fẹ́ mí, dá a padà. Lójọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, afẹ́fẹ́ inú omi ti dín kù, kí gbogbo ẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kéèyàn má tiẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Tó o bá ń dá a padà, má jù ú o, ẹ jọ̀ọ́, fọwọ́ méjèèjì gbé e sínú omi, dì í mú jẹ́jẹ́ kó dúró ṣánṣán títí á fi fi agbára ara ẹ̀ lọ. Wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ìrù á kọ́kọ́ mì díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kò sí mọ́.

Tó o bá délé, sá àwọ̀n àti máàtì sóòrùn kó gbẹ dáadáa kó o tó gbé e lọ sómi mìíràn. Àìsàn kan wà tó ń pa carp lọ́pọ̀ yanturu, KHV ni wọ́n ń pè é, àwọ̀n tútù lè gbé e kiri. Òjé kéékèèké tí wọ́n máa ń so mọ́ okùn náà, wọ́n ti fòfin dè é látọdún 1987, torí àwọn swan, ẹyẹ omi ńlá yẹn, ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n.

Nǹkan kan tún wà tó kàn wá gan-an, òfio. Carp fẹ́ràn òfio ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń tà á létí omi níbẹ̀ bíi ìjẹ, àmọ́ èyí tó gbẹ, tí wọn ò rẹ, tí wọn ò sè, léwu fún ẹja torí inú ẹ̀ ló ti máa wú. Nígbà tí Benson kú, òfio tí wọn ò sè ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó rẹ ẹ́ ó kéré tán wákàtí 24, kó sè é ìdajì wákàtí, kó sì kọ́kọ́ bi ẹni tó lomi, ọ̀pọ̀ wọn ò gbà á rárá. Búrẹ́dì, ekòló, ìdin tàbí àgbàdo inú agolo ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé jíjẹ ló fẹ́ jẹ ẹja ńkọ́? Ibi tiẹ̀ wà, láìsí ìjà. Àwọn lake kan wà tí wọ́n dìídì ń da trout sí fún gbígbé lọlé, iye tó o lè mú máa wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹja méjì tàbí mẹ́rin. Òkun náà wà, ìwọ̀ jíjù láti etíkun ò nílò rod licence. Sea bass ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 42 kó tó ṣeé mú, àwọn oṣù kan lè wà tí wọn ò gbà kéèyàn mú un lọlé, iye tó ṣeé mú lójúmọ́ sì máa ń yí padà, GOV.UK ni kéèyàn ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mackerel máa ń wọ́ wá sẹ́bàá etíkun, títùs tá a mọ̀ nínú fíríìsà nílé náà ni. Èyí tó o bá fẹ́ jẹ, pa á lójú ẹsẹ̀, fi kùmọ̀ kékeré gbá a lẹ́ẹ̀kan sókè ojú, má jẹ́ kó máa jà kú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Gé ọrùn ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dà, kó inú ẹ̀ jáde, kó o tẹ́ ẹ sínú kúlà tí yìnyín wà níbẹ̀. Títùs ò gba ìdúró nínú ooru rárá, èyí tó bá wà nínú nylon nínú búùtù ọkọ̀ látàárọ̀ ti ń di májèlé, ara máa yún èèyàn, ojú á pọ́n, orí á fọ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe dín in gbẹ tó tí ìyẹn máa kúrò níbẹ̀.