Ohun Tí Òfin Kò Jẹ́ Kí Ẹnu Sọ: Bí Àwọn Òṣìṣẹ́ Paramount Ṣe Ṣe Double Indemnity

Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè ní òru ní Los Angeles. Ọkọ rẹ̀, tí ó ti kán lẹ́sẹ̀, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àlè rẹ̀ sì lúgọ sí ẹ̀yìn ìjókòó. Obìnrin náà tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé àmì tí wọ́n jọ fi ẹnu kò sí nìyẹn. Àlè náà dìde, ó sì ṣẹ́ ọkọ lọ́rùn. Òǹwòran kò rí ìpànìyàn náà. Ojú obìnrin yẹn ni kámẹ́rà kò kúrò lára rẹ̀: ó tẹjú mọ́ títì, kò wo ẹ̀gbẹ́, ìrísí ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ohun tí ó ti ń dúró dè ni ó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ibi tí ó lágbára tó èyí nínú Double Indemnity, fíìmù tí iléeṣẹ́ Paramount gbé jáde ní 1944. Billy Wilder ni ó darí rẹ̀, òun náà sì ni ìyìn sábà máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà yóò rí i pé òfin kan wà tí ó ń dá àwọn òǹkọ̀wé lọ́wọ́ kọ́, àti pé ohun tí òfin náà kò jẹ́ kí ẹnu sọ ni àwọn òṣèré, oníkámẹ́rà, aránṣọ àti olórin pín gbé láàárín ara wọn.

Láti 1934 ni ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ńlá ní Amẹ́ríkà ti fohùn ṣọ̀kan pé ọ́fíìsì Joseph Breen gbọ́dọ̀ yẹ fíìmù kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì lù ú ní òǹtẹ̀, kí ó tó jáde. Ìtanràn 25,000 dọ́là ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá tàpá sí i, ṣùgbọ́n ìtanràn yẹn kọ́ ni ó ń bani lẹ́rù. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ni èyí tí ó dára jù nínú àwọn ilé sinimá ìlú ńláńlá, fíìmù tí kò bá sì ní òǹtẹ̀ kò ní rí ibi tí wọn yóò ti fi hàn. Ìjọba kọ́ ni ó ṣe òfin náà. Àwọn oníṣòwò fíìmù ni wọ́n fi de ara wọn lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn kò bá ṣe é, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba kò ní fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀. Ìwé eré ni ó kọ́kọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ Breen kí wọ́n tó ya ohunkóhun, lẹ́tà a sì padà wá tí yóò tọ́ka sí gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Ìtàn Double Indemnity ti rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbà ní 1935. James M. Cain, tí ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn rí, ni ó kọ ọ́, ó sì fa gbòǹgbò rẹ̀ láti inú ẹjọ́ Ruth Snyder ní New York. Ní 1927, obìnrin yìí àti àlè rẹ̀, Judd Gray, pa ọkọ rẹ̀ nítorí owó ìdójútòfò, ìjọba sì fi àga oníná pa àwọn méjèèjì ní oṣù kìn-ín-ní 1928. Cain gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Los Angeles, ó sì fi òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ṣe ọ̀daràn, ọkùnrin tí ó mọ ìwé àdéhùn náà dáadáa ju ẹni tí ó rà á lọ. Àdéhùn kan wà nínú ìwé náà pé owó yóò di ìlọ́po méjì bí oníbàárà bá kú nínú irú ìjàǹbá tí kì í sábà ṣẹlẹ̀, bíi ti ọkọ̀ ojú irin; èyí ni wọ́n ń pè ní double indemnity. Nínú fíìmù, 50,000 dọ́là ni ó fẹ́ di 100,000. Iléeṣẹ́ tí ó fẹ́ ra ìtàn náà ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ nígbà tí lẹ́tà Breen dé, gbogbo wọn fà sẹ́yìn. Ìwé ìròyìn Liberty tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìpín-ìpín ní 1936, Paramount kò sì rà á títí di 1943, ní 15,000 dọ́là. Nígbà tí ìwé eré Wilder dé iwájú Breen ní ọdún yẹn, àtakò rẹ̀ kò pọ̀ mọ́: kí táwẹ́lì tí obìnrin náà fi yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀ bo orúnkún rẹ̀, kí wọ́n dín bí wọ́n ṣe gbé òkú jù sí ojú irin kù, kí wọ́n sì tún ro bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ìyà ikú hàn ní ìparí.

Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ ọ́ ni ó yí i padà. Charles Brackett, tí òun àti Wilder ti jọ ń kọ ìwé eré bọ̀, kọ̀ láti fọwọ́ kan ìtàn náà nítorí ó kà á sí ohun ẹ̀gbin. Joseph Sistrom, alábòójútó iṣẹ́ náà, ni ó dárúkọ Raymond Chandler, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò sì kọ ìwé eré rí. Chandler lọ kọ tirẹ̀ wá, ìtọ́ni fún kámẹ́rà sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wilder ní kí ó fi kámẹ́rà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn ń fẹ́. Inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Nígbà tí ó yá, Chandler kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀hónú ni ó kọ ránṣẹ́, pé kí Wilder má ṣe na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sí òun mọ́, kí ó má sì máa pàṣẹ fún òun pé kí òun ṣí fèrèsé tàbí kí òun ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, Chandler ni ó rí àléébù tí Wilder kò rí. Wilder fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ẹnu tí Cain kọ bí ó ṣe wà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣèré kà á sókè, kò dún dáadáa. Chandler ṣàlàyé pé ojú ni Cain kọ ọ́ fún, pé ẹni tí yóò bá fi ẹnu sọ ọ́ gbọ́dọ̀ rí òmíràn.

Ibi tí Walter Neff, òṣìṣẹ́ adójútòfò náà, ti kọ́kọ́ pàdé Phyllis Dietrichson, ìyàwó tí yóò bá a pa ọkọ, fi ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde hàn. Obìnrin náà sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá ojú pópó, ó ní eré ọkùnrin náà ti kọjá ohun tí òfin gbà. Ọkùnrin bi í pé báwo ni òun ṣe sáré tó. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìdárúkọ ìfẹ́ tàbí ibùsùn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ọmọlúwàbí ni wọ́n sọ, àgbàlagbà tí ó ń wo fíìmù náà sọ ọ́ di odidi fúnra rẹ̀, kò sì sí gbólóhùn kan tí Breen lè fà lé. Wọ́n tún ṣe ohun kan tí Cain gbà nígbà tí ó yá pé ó dára ju tòun lọ: Walter, tí ìbọn ti bà, jókòó ní ọ́fíìsì lóru, ó sì ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òǹwòran ti mọ apànìyàn, tí ó sì ti mọ̀ pé kò jèrè kankan, èyí sì tẹ́ òfin lọ́rùn. Gbogbo àkókò tí ó kù ni fíìmù náà fi ń fi hàn bí ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ṣe dé ibẹ̀.

Ó ṣòro láti rí òṣèrékùnrin tí yóò gbà láti jẹ́ Walter. George Raft kọ̀. Wilder máa ń sọ pé nígbà tí òun ń ro ìtàn náà fún un, ohun tí ó ń dúró de ni ibi tí ọkùnrin náà yóò ti ṣí ẹ̀yìn kọ́là rẹ̀, kí báàjì ọlọ́pàá yọ. Nígbà tí kò sí báàjì, ó dìde. Fred MacMurray ni wọ́n wá rọ̀, ọkùnrin tí ó máa ń fun sàsófóònù tẹ́lẹ̀, tí Paramount ń lò fún eré apanilẹ́rìn-ín, tí òun gan-an sì rò pé òun kò tó irú iṣẹ́ yìí í ṣe. Yíyàn yìí wúlò ju ti Raft lọ: ojú rere tí àwọn ènìyàn ti ní sí MacMurray ni wọ́n bá wọ inú ìwà ọ̀daràn rẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti ń bẹ̀rù kí ọwọ́ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ba Barbara Stanwyck, tí ó ṣe Phyllis, náà láti jẹ́ apànìyàn lójú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀, Wilder sì bi í bóyá èkúté ni tàbí òṣèré. Edward G. Robinson, tí ó ti jẹ́ olórí òṣèré fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà kí orúkọ òun wà ní ipò kẹta fún ipa Barton Keyes, olùtọpinpin iléeṣẹ́ adójútòfò. Kò pàdánù. Níbi tí ó ti ń ka bí àwọn ènìyàn ṣe ń pa ara wọn fún ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni ka orí ìwé, ní ti ẹ̀yà, iṣẹ́, ìgbà ọdún àti irú májèlé, tí ó sì parí rẹ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀ ẹnì kankan tí ó fi fífò láti ẹ̀yìn rélùwéè tí ó ń rìn pa ara rẹ̀ rí, ó gba fíìmù náà mọ́ àwọn méjì yòókù lọ́wọ́.

Irun Phyllis jẹ́ wíìgì aláwọ̀ wúrà tí ẹni tí ó bá wò ó mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Paramount, Buddy DeSylva, fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó dà bí George Washington, ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́. Wilder ní bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, nítorí obìnrin tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn ni. Edith Head rán aṣọ tí ó bá a mu, ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kámẹ́rà kọ́kọ́ rí nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí ojú rẹ̀ tó dé. Ẹni tí ó mú kámẹ́rà náà ni John F. Seitz, tí ó ti ń ya fíìmù láti ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn. Ó fẹ́ kí ilé Dietrichson rí bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbá ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n eruku gidi kì í hàn nínú fíìmù. Ó ní kí wọ́n fẹ́ álúmíníọ̀mù tí a lọ̀ kúnná sínú afẹ́fẹ́ ní kété kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bíláìndì fèrèsé náà ni ó tún lò jù, tí òjìji rẹ̀ fi ìlà dúdú àti funfun ká ara Walter bí ẹ̀wù ẹlẹ́wọ̀n, nígbà tí kò tíì ṣe ohunkóhun. Kò sí òfin kan tí ó lè ka òjìji sí ọ̀rọ̀.

Nínú ilé tí Hans Dreier àti Hal Pereira ya àwòrán rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá Walter ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí ó lòdì sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni Phyllis fara pamọ́ sí nígbà tí Keyes dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn rántí bíbéèrè. Doane Harrison, tí ó to fíìmù náà pọ̀, kò dúró dìgbà tí yíyà parí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wilder nígbà iṣẹ́ láti sọ èyí tí yóò so pọ̀ àti èyí tí kò ní í so. Miklós Rózsa ni ó kọ orin, orin tí ó le, tí kò tu ẹnikẹ́ni lára. Louis Lipstone, olórí ẹ̀ka orin Paramount, kórìíra rẹ̀, ó ní Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin ńlá ní New York, ni irú rẹ̀ yẹ. Rózsa kà á sí ìyìn. DeSylva gbọ́ orin náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ Lipstone ṣe parí nìyẹn.

Ìparí kejì kan wà tí wọ́n ti yà tán. Wọ́n kọ́ yàrá gáàsì bíi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin, wọ́n ná bí 150,000 dọ́là lé e lórí, Keyes sì dúró lẹ́yìn gíláàsì ó ń wo bí Walter ṣe kú. Wilder yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe Breen nìkan ló lè mú un ṣe é. Ibi tí ó ṣáájú rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ tán: Walter ṣubú sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣá ìṣáná mọ́, Keyes, tí kì í ní ìṣáná lọ́wọ́, tí Walter máa ń bá tan sìgá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, bá a ṣá a.

Ẹ̀ka méje ni wọ́n ti yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar, títí kan ti Seitz, Rózsa àti ohùn, kò sì gba ọ̀kankan. Fíìmù mìíràn tí Paramount ṣe ni ó gba èyí tí ó ga jù. Ìlànà àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó mú kí èyí má bí àdánù púpọ̀. Owó ọ̀sẹ̀ ni iléeṣẹ́ ń san fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, inú ọgbà kan náà ni wọ́n sì wà nígbà tí iṣẹ́ tí ó kàn dé. Nínú fíìmù ọ̀mùtí tí Wilder darí lẹ́yìn èyí, tí ó sì gba Oscar tí ó ga jù, Seitz ni ó wà nídìí kámẹ́rà, Rózsa ni ó kọ orin, Harrison ni ó tò ó pọ̀, Dreier ni ó ya ilé, Edith Head ni ó sì rán aṣọ. Brackett padà sí ẹ̀gbẹ́ Wilder láti kọ ọ́. Chandler kò sí níbẹ̀.