Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ṣì Ń Jà Lórí Batman Arúgbó?

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù Batman tuntun, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì: ṣé kí wọ́n gbé fíìmù náà ka The Dark Knight Returns, àbí kí wọ́n jìnnà sí ìwé yẹn pátápátá? Ẹni tí kò kà á rí á kàn máa wò wọ́n lẹ́nu ni. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ nìyí. Mo sọ òpin ìtàn níbì kan, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀ fo ìdáhùn nípa Superman.

Kí ni ìwé náà?

Kọ́míìkì alápá mẹ́rin tí iléeṣẹ́ DC gbé jáde lọ́dún 1986. Frank Miller ló kọ ìtàn rẹ̀ tó sì ya àwòrán rẹ̀, Klaus Janson bá a fi tàdáwà tẹ ìlà, Lynn Varley sì kùn ún.

Ọmọ ọdún mélòó ni Batman nínú rẹ̀?

Ẹni ọdún 55 ni. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Kí ló mú un fẹ̀yìn tì, kí ló sì mú un padà?

Ikú Jason Todd, ọmọ tó jẹ́ Robin, ìyẹn igbákejì rẹ̀ nínú ìjà, ló fọ́ ọ lọ́kàn. Nígbà tí ìwé náà jáde, Jason ṣì wà láàyè nínú kọ́míìkì Batman tó ń jáde lóṣooṣù. Ọdún 1988 ni DC ní kí àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá kí ọmọ náà kú tàbí kó yè: 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè.

Ní ti ìpadàbọ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ oníjàgídíjàgan tí wọ́n ń pè ní Mutants ti gba ìgboro Gotham, ìlú Batman. Bruce Wayne, ìyẹn Batman fúnra rẹ̀ nígbà tí kò bá wọ aṣọ iṣẹ́, sì ń mutí, ó ń wa ọkọ̀ ìdíje bí ẹni tó ń wá ikú kiri. Lóru ọjọ́ kan, ó ta jí nínú ihò abẹ́ ilé rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú, irunmú rẹ̀ ti lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fá a, kò sì mọ ìgbà tó ṣe é. Kí ó tó gbà pé òun ń padà, ara rẹ̀ ti padà.

Kí ni wọ́n gan-an ń jà lé lórí?

Kò sí ẹni tó ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ náà kò dára. Ohun tó pín wọn níyà ni bóyá ohun tí bàbá náà ṣe tọ̀nà. Àwọn kan ní ìwé náà ń gbé ẹ̀mí apàṣẹwàá lárugẹ, pé ẹnì kan ń fi ìkúùkù ṣòfin, òǹkọ̀wé sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mìíràn ní ìkìlọ̀ ni.

Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. Jálẹ̀ ìwé náà, àwọn èèyàn ń jiyàn nípa Batman lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fún gbogbo wọn ní ẹnu tó dọ́gba. Dókítà Wolper, oníṣègùn ọpọlọ tó ní Batman ló ń sọ àwọn ọ̀daràn di ohun tí wọ́n dà, ni ìwé sọ di òmùgọ̀: òun ló mú Joker, ọ̀tá Batman tó burú jù, wá sórí ètò tẹlifíṣọ̀n, Joker sì pa á níbẹ̀. Èyí kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń dá alátakò lóhùn.

Síbẹ̀, ìwé kan náà ló fi hàn pé lẹ́yìn tí olórí Mutants ṣubú, àwọn kan nínú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yí orúkọ padà, wọ́n pe ara wọn ní ọmọ Batman, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pààyàn. Ẹni tó bá ní ìyìn lásán ló wà nínú ìwé yìí ti fo àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn.

Ṣé Batman pààyàn níbẹ̀?

Ibì kan wà tí ọmọ Mutants kan gbé ìbọn ti ọmọdé, tí Batman yìnbọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sára ògiri. Àwọn olólùfẹ́ kò tíì gbà fún ara wọn lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣẹ́ ìbọn níwájú àwọn ọ̀dọ́, ó ní ohun ìjà ọ̀tá ni.

Superman ńkọ́?

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bá ṣiṣẹ́, ààrẹ ló sì rán an kó lọ dá Batman, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró. Inú ṣì ń bí àwọn olólùfẹ́ Superman pé wọ́n sọ ọ́ di ìránṣẹ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń jà, Oliver Queen, tafàtafà tó wà lẹ́yìn Batman, tí kò ní ju apá kan lọ mọ́, ló ta ọfà kryptonite, òkúta tó máa ń gba agbára Superman, lù ú. Bruce fi ikú tan gbogbo ayé jẹ. Superman nìkan ló gbọ́ tí ọkàn Bruce lù níbi ìsìnkú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló dára jù nínú rẹ̀?

Ọjọ́ orí. Nígbà àkọ́kọ́ tó kojú olórí Mutants, bàbá fẹ́ jà bí ọmọ ogún ọdún. Díẹ̀ ló kù kó kú, Carrie Kelley, ọmọbìnrin ọlọ́dún 13 tó di Robin tuntun, ló yọ ọ́. Nígbà kejì, ó fa ọmọkùnrin náà wọ inú ẹrẹ̀, níbi tí eré sísá kò ti wúlò, ó sì ń dá a lẹ́sẹ̀, ó ń dá a lápá, ní sùúrù. Àwọn tó jẹ́ pé ìjà Superman nìkan ni wọ́n ń rántí ń pàdánù. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni ìwé náà wà.

Ṣé kí n rà á fún ọmọ mi?

Rárá, tí kò bá tíì dàgbà. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ra ọ̀dà ìyàwòrán fún ọmọ rẹ̀. Àwọn Mutants díbọ́n pé àwọn fẹ́ já àpò rẹ̀ gbà, wọ́n sì dá a padà. Bọ́ǹbù ni wọ́n ti jù sínú rẹ̀. Èyí ba àgbàlagbà lọ́kàn jẹ́, ká má tíì sọ ọmọdé.

Àwọn apá tó tẹ̀ lé e ńkọ́?

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001 já ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kulẹ̀. Ka ti 1986 tán, kí o sinmi ná.

Ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù pé fíìmù tuntun á bà á jẹ́?

Ìwé kò lè bà jẹ́. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni àwòkọ tó mú ìwà ipá rẹ̀, tó fi ọgbẹ́ ọkàn àti ogbó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́míìkì ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà yẹn. Tí o bá fẹ́ kà á, má kánjú. Ojú ìwé kan lè ní àwòrán kéékèèké 16, má sì fo àwọn ojú tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìn ìgbà tó o bá ti gbọ́ tẹnu gbogbo wọn ni kó o tó wá bá wa jiyàn.