Níbo ni Málọmọ́ wọlé sí? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí orúkọ ọmọ ní Iléṣà

Bí ẹ bá dúró sí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà lónìí, tí ẹ ké "Ìyábọ̀!", àwọn ìyá tó ti lọ́mọ-ọmọ ni yóò bojú wẹ̀yìn. Bí ẹ bá ké "Tiwalolúwa", ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò jẹ́ yín. Bí ẹ bá wá ké "Málọmọ́", ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀ níbi ìkómọjáde, pàápàá nígbà tí ìyá àgbà bá mú orúkọ kan wá tí bàbá àti ìyá ọmọ kò fẹ́ gbọ́ sétí. Díẹ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn máa ń béèrè nìyí, àti ohun tí mo rí sí i.

Ṣé bí aṣọ ni orúkọ ṣe ń lòde, tí yóò tún kógbá wọlé?

Lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí láti ọdún 1880. Fún ọdún tó lé ní ọgọ́ta, Mary ló ń léwájú nínú orúkọ ọmọbìnrin. Ní 1947, Linda gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 1970 títí di 1984, Jennifer ni. Kò sí ọba tó pàṣẹ, kò sí òfin tó yí padà. Orúkọ náà dùn létí àwọn òbí, wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó di pé ọmọ mẹ́ta ń jẹ́ ẹ nínú kíláàsì kan ṣoṣo, àwọn òbí tó kàn sá fún un.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tó parẹ́ pátápátá láàárín wa, kì í ṣe etí ló lé wọn lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ohun tó ń dẹ́rù ba ilé bá lọ, orúkọ tí ẹ̀rù náà mú wá kò níṣẹ́ mọ́.

Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Àkísàátán: kí ló gbé wọn lọ?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ìròyìn ayọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kì í sọ ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn orúkọ àbíkú. Ìyá tó ti sin ọmọ méjì mẹ́ta ní ń bẹ èyí tó gbé lọ́wọ́ pé kó má lọ mọ́, kó bá òun jókòó, kó dúró jayé. Òmíràn ń sọ fún ọmọ pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́, pé àkísà tí a fi ń dì wọ́n ti tán. Àwọn mìíràn sọ ọmọ wọn ní Ajá, kí ikú lè fojú àbùkù wò ó. Kò sí ilé tí èyí kò dé: Kòsọ́kọ́ ni orúkọ ọba tó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851.

Ní Iléṣà, a lè fi ọwọ́ sọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Láàárín àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Kò dúró sínú ilé ìwòsàn nìkan. Ó gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ní ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ nígbà gbogbo tí wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń mú relé. Ìyá yóò rí i lórí káàdì pé ọmọ òun ti ń rù kí àìsàn tó gbé e dálẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, oògùn ibà, àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì dé, ọ̀pọ̀ ìdílé wá mọ̀ pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú.

Ikú ọmọdé kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìyá tó bímọ ní Iléṣà lónìí ń retí pé ọmọ òun yóò yè, ìrètí yẹn ló sì ń sọ ọmọ lórúkọ báyìí. Ìdí nìyí tí inú mi fi ń dùn pé n kò bá Málọmọ́ kékeré pàdé. Ní ti Kòkúmọ́ àti Bánjókòó, orúkọ ìdílé ni a sábà máa ń bá wọn báyìí. Rótìmí nìkan ló yè dáadáa nínú wọn: àwọn òbí fi Olú ṣáájú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sí ọmọ sì di ìjẹ́rìí sí Ọlọ́run.

Àwọn orúkọ Ifá àti Ògún ńkọ́?

Àwọn wọ̀nyí ní ọjọ́ tí a lè tọ́ka sí. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọọyè, ní Iléṣà níbí, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì tẹ́lẹ̀. Èrò rọ́ wá láti ìlú jíjìn, wọ́n kó oògùn àti ère wá síta. Ẹni tó bá kó ère ilé rẹ̀ síta, ṣé yóò tún sọ ọmọ ní Fábùnmi? Olúbùnmi ló kù, Jésùbùnmi sì tẹ̀lé e.

Ẹ má gbàgbé ibi tí Ògún wà kó tó dìgbà náà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pawọ́ pọ̀ ja ogun Kírìjì láti 1877, ó di 1893 kí ó tó parí. Ilé jagunjagun àti ilé alágbẹ̀dẹ kò ní wá orúkọ lọ síbòmíràn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ tó bá fún ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ lọ sí kóòtù kó lè yọ Ògún kúrò, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró ná. Orúkọ ìdílé ló ń sọ iṣẹ́ tí ilé yín ṣe, ó lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń sọ ọ́.

Àwọn Comfort àti Felicia, ibo ni wọ́n ti wá?

Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé. Wọ́n máa ń béèrè orúkọ ìrìbọmi, Victoria, Florence àti Gabriel sì kún ìwé orúkọ. Àwọn kan tètè kọ̀ ọ́. Iléṣà ni wọ́n bí David Brown Vincent sí ní 1860. Ní 1894, òun tó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Mọjọlá Agbebi. Ìyókù wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a lójú ọ̀nà lẹ́yìn òmìnira ni.

Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ṣé orúkọ yí padà bí?

Orúkọ kò yí tó bí ẹnu ṣe yí. Búráímọ̀ ni bàbá àgbà, Ibrahim ni ọmọ-ọmọ rẹ̀. Sùnmọ́nù ti di Usman, Mòríámọ̀ ti di Maryam, Yésúfù ti di Yusuf. Àwọn bàbá wa gbà á bí ó ti bá ẹnu wọn mu. Àwọn ọmọ tó lọ ilé kéwú fún ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́ kó jọ bí wọ́n ti kà á. Mo mọ rírì èyí, ṣùgbọ́n Mòríámọ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Orúkọ tí Yorùbá fi ahọ́n ara rẹ̀ pè ni.

Kí ló dé tí a kì í fi orúkọ bàbá bàbá sọ ọmọ, bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe?

Nítorí ìyàwó ilé ni. Obìnrin kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ tó kéré sí i pàápàá, orúkọ tó fún un fúnra rẹ̀ ni yóò fi pè é: Ìbàdíàràn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Tí ọmọ bá wá ń jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ, báwo ni yóò ṣe pè é wá jẹun? Báwo ni yóò ṣe bá a wí?

Nítorí náà, orúkọ kì í gba odindi kọjá láti ìran kan sí èkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń kọjá: Adé nílé ọba, Akin nílé akíkanjú. Ọmọ yóò gba tirẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí orúkọ Yorùbá fi lè máa jẹ́ tuntun láìkúrò nílé, nítorí gbólóhùn ni, ẹni tó bá sì lè sọ̀rọ̀ lè ṣẹ̀dá rẹ̀. Nínú èyí náà ni Olú ti fẹ̀ di Olúwa, tí Bùnmi ti fi àyè sílẹ̀ fún Mofiyinfolúwa, Ìníolúwa àti Ooreolúwa.

Babátúndé àti Yétúndé ló yàtọ̀, àwọn tó ń jẹ́ ẹ sì ń dín kù. Ṣọ́ọ̀ṣì ní òkú kì í padà wá. Àwọn àgbà náà ń pẹ́ láyé sí i: nígbà tí wọ́n ń bí ọmọ, bàbá àgbà wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń da oyin sínú àwo.

Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í gbó?

Wọn ò lè gbó, nítorí a kì í yàn wọ́n. Ṣùgbọ́n Òjó, Àìná, Ìgè àti Àjàyí náà kì í ṣe èyí tí à ń yàn, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ ìdílé nìkan. Èrò tèmi ni pé yàrá ìbímọ ló fà á. Ìyá àgbà tó mọ ohun tí ìwọ́ tó we ọmọ lọ́rùn túmọ̀ sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì tú ìwọ́, ó nu ọmọ, kò sí ẹni tó kéde pé Òjó dé. Ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde kò tilẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ wáyé bí Ìgè.

Ṣé orúkọ tó ti lọ lè padà?

Oríkì ti ń padà bọ̀. Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti Àkànní, tí àwọn òbí kan ń sá fún nígbà kan nítorí pé ó ń rùn ẹ̀yìn oko lójú wọn, àwọn ọ̀dọ́ ló ń fi pe ara wọn báyìí. Ọmọ-ọmọ kò ní ìtìjú tí òbí ní.

Ìyábọ̀ ńkọ́? Bí ìyá yín bá ti lọ, tí ẹ sì bí ọmọbìnrin, tí ẹ gbà á gbọ́, ẹ sọ ọ́. Nínú kíláàsì rẹ̀, ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò máa jẹ́ ẹ.