Ẹ má tíì bi mí ní búráńdì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí ojú ìyàwó

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó ni "Àǹtí, búráńdì méékọ́ọ̀pù wo lẹ máa lò fún mi?" Àwọn míì á ti bi mí kí wọ́n tó sọ ọjọ́ ìgbéyàwó pàápàá. Mi ò bínú sí i o, torí mo mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n ti rí fọ́tò ìyàwó kan rí tí ojú ẹ̀ funfun bí ẹni da eérú sí i tí ọrùn ẹ̀ sì dúdú, wọn ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sáwọn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń kun ojú ìyàwó láti bí ọdún 11 sẹ́yìn, bó ṣe rí ni mo fẹ́ sọ fún yín: kò sí búráńdì kankan tó ń jẹ́ búráńdì ìyàwó. Ilé iṣẹ́ kan lè ṣe fáńdéṣọ̀n, ìyẹn ìpara aláwọ̀ tá a fi ń mú kí ojú dọ́gba, tó dáa gan-an kí àtíkè wọn má sì dáa fún ojú ìyàwó kan. Ohun tá à ń wá ni àwọn nǹkan tó máa gbọ́ra wọn yé lójú ìyàwó kan pàtó, fún wákàtí 10 tàbí 12, níwájú kámẹ́rà, tòun ti òógùn àti omijé.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìyàwó kan gbé fáńdéṣọ̀n tiẹ̀ wá, orúkọ ńlá ni, owó gidi ló fi rà á, èmi náà sì ti fi primer tèmi tí mo fọkàn tán, ìyẹn ohun tá a kọ́kọ́ ń fi pa ojú kí fáńdéṣọ̀n tó dé orí ẹ̀, pa ojú ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn méjèèjì. Mo fi fóòmù tẹ fáńdéṣọ̀n yẹn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì báyìí ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ wínníwínní bíi pàǹtí tí kílínnà máa ń dà sórí ìwé téèyàn bá fi pa pẹ́ńsù rẹ́. Bí mo ṣe ń tún apá kan ṣe ni apá kejì ń ṣí. Onífọ́tò ń kan ilẹ̀kùn, ìyá ìyàwó ń bi mí ṣé ó ti kù díẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní láti nu gbogbo ẹ̀ kúrò kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, odindi ìṣẹ́jú 40 ló gbà mí. Ìyàwó yẹn ò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo rí i lójú ẹ̀ pé ọkàn ẹ̀ ti dàrú, ìyẹn ló sì ń dùn mí títí dòní.

Ohun tó fà á ni pé primer tèmi, silicone ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, fáńdéṣọ̀n tiẹ̀ sì jẹ́ olómi, ọ̀kan ò jẹ́ kí ìkejì lẹ̀. Ẹ lè mọ èyí fúnra yín láìjẹ́ pé ẹ kọ́ṣẹ́ méékọ́ọ̀pù. Ẹ yí ẹ̀yìn páálí ẹ̀ wò, wọ́n máa ń to èròjà síbẹ̀ látorí èyí tó pọ̀ jù wá sísàlẹ̀. Omi ló máa ń ṣáájú lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á kọ ọ́ ní aqua, ìyẹn nìkan ò tíì sọ nǹkan kan, ẹ wo méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ tó parí sí "cone" tàbí "siloxane", bíi dimethicone tàbí cyclopentasiloxane, ẹbí silicone nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí silicone wà lórí silicone, kí olómi wà lórí olómi. Mi ò ní pé òfin tí ò ṣeé yí ni o, àwọn kan máa ń bára wọn gbé bí primer yẹn bá fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kó gbẹ, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ ìgbéyàwó, kí lèèyàn ń fi ìyẹn dán wò fún? Ìpara tó bá ki jù lábẹ́ méékọ́ọ̀pù náà máa ń fà á, pàápàá oríṣi tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn, ẹ má sì gbàgbé pé ẹ ti fi ìyẹn para láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó síwájú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan irú awọ ojú tí ìyàwó ní. Ẹ fọ ojú yín, ẹ má fi nǹkan kan pa á, lẹ́yìn bíi wákàtí kan àbọ̀ ẹ gbé tíṣù lé iwájú orí àti imú. Tó bá rin fún òróró, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà, tójú bá sì ń fà yín bí ẹni fẹ́ ya, gbígbẹ nìyẹn, àwọn míì wà tí iwájú orí wọn lóròóró tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì gbẹ. Fáńdéṣọ̀n Double Wear ti Estée Lauder, láti 1997 ló ti wà, odindi ọjọ́ kan ni wọ́n ní ó lè lò lójú, lóòótọ́ ó máa ń di ojú olóròóró mú dáadáa. Mo lò ó fún ẹ̀gbọ́n kan, ojú ẹ̀ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tó di ọdún kejì tí àbúrò ẹ̀ ń ṣègbéyàwó, ó ní dandan, ohun tí mo lò fún ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú tiẹ̀ gbẹ bí ọ̀pá. Ọjọ́ tíráyà, ìyẹn ọjọ́ tá a fi ń dán kíkùn wò ṣáájú ìgbéyàwó, la rí i, wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kùn ún, gbogbo ẹ̀gbẹ́ imú àti ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ ti sán pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà, fáńdéṣọ̀n kan náà, ọwọ́ kan náà ló kùn wọ́n. A wá èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì ń fún ojú lómi, ara ẹ̀ bá wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣéèdì, ìyẹn bí àwọ̀ fáńdéṣọ̀n ṣe dúdú tàbí pupa tó, ńkọ́? Èyí ló ń pa àwa tí awọ wa dúdú lẹ́kún jù látẹ̀yìn wá. Fashion Fair bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwa ní 1973, Iman àti Black Opal dé ní 1994, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó kù, dúdú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀, ká lọ máa pò ó pọ̀ fúnra wa. Ìgbà tí Fenty Beauty jáde ní 2017 pẹ̀lú ṣéèdì 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ wọn tó sáré wá nǹkan ṣe. Torí náà ọ̀pọ̀ búráńdì ló lè bá yín mu báyìí, ohun tó kù ni kẹ́ ẹ mọ undertone yín, ìyẹn àwọ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ àwọ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí, èèyàn méjì lè dúdú bákan náà kí tẹnì kan máa fà sí pupa kí tẹnì kejì máa fà sí yẹ́lò. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà rárá. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan ò bá ti ìkejì mu, kódà lẹ́tà wọn máa ń da èèyàn rú, MAC fún àpẹẹrẹ, NC wọn làwọn tó ń fà sí yẹ́lò ń lò, NW sì wà fáwọn tó ń fà sí pupa, bẹ́ẹ̀ W yẹn gan-an, tó dúró fún "warm", ni ẹlòmíì máa rò pé yẹ́lò ni.

Ẹ fi mẹ́ta tó sún mọ́ra fa ìlà láti párì wá sí ọrùn, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́ o, ẹ̀yìn ọwọ́ ò bá ojú dọ́gba. Ẹ bọ́ síta sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, torí fáńdéṣọ̀n míì máa ń ṣókùnkùn sí i tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lójú. Èyí tẹ́ ẹ bá wá a tì lára àwọ̀ yín lẹ́yìn àkókò yẹn ni tiyín. Ẹ wo àyà náà, torí aṣọ ìyàwó púpọ̀ ló máa ń ṣí àyà sílẹ̀, àyà yẹn ló sì máa wà nínú fọ́tò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dákun, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bóra torí ìgbéyàwó. Mo ń rí wọn, oṣù méjì sí ọjọ́ náà, ẹni tí mo ti mọ ṣéèdì ẹ̀ á dé pẹ̀lú ojú mìíràn, pupa níbí, dúdú níbẹ̀, oríkèé ọwọ́ ò sì yí padà. Kò sí fáńdéṣọ̀n tó lè sọ ìyẹn di ọ̀kan. Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n ti rí mẹ́kúrì, irin olómi tó lóró, nínú ìpara ìbóra púpọ̀, kíndìnrín ni mẹ́kúrì sì máa ń bà jẹ́.

Ó wá ku kámẹ́rà. Ojú funfun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ṣéèdì ló máa ń fà á nígbà gbogbo, nínú dígí ojú lè pé pérépéré, kí fíláàṣì ṣẹ́ báyìí kó di funfun gbòò. Àtíkè tí ò ní àwọ̀ kankan, tó jẹ́ pé silica ló kún inú ẹ̀, máa ń dá ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì padà, bẹ́ẹ̀ náà ni titanium dioxide àti zinc oxide tí wọ́n ń fi sínú ohun tó ní SPF, ìyẹn ààbò lọ́wọ́ oòrùn. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sá fún gbogbo ohun tó bá ní SPF, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, fáńdéṣọ̀n Studio Fix Fluid ti MAC ní SPF 15 nínú, ọ̀pọ̀ ìyàwó ló sì ń lò ó tí fọ́tò wọn ń dán. Bó ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀ àti iye èyí tẹ́ ẹ kó jọ léra wọn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ìdánwò kan ṣoṣo ló wà tí mo gbà: tí mo bá kùn yín tán, a ó pa iná, a ó fi fíláàṣì fóònù ya fọ́tò láti iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Ojú ò lè purọ́ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ la máa ń da àtíkè sí jù.

Àwọn kan á tún ní kí n lo búráńdì àwọn òṣèré, bíi Kryolan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1945, tàbí Ben Nye. Nǹkan gidi ni wọ́n, àtíkè Ben Nye wà nínú àpótí mi. Ṣùgbọ́n èyí tó nípọn nínú àwọn nǹkan wọn, fún orí ìtàgé ni, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán ló ń wò ó. Ìyàwó yàtọ̀, gbogbo èèyàn ló máa gbá a mọ́ra, wọ́n á wo ojú ẹ̀ láti ibi tí ò tó ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìpele méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò ẹyọ kan tó ki.

Ti ẹyinjú gan-an ò le, mascara irun ìpéǹpéjú tí omi ò lè fọ̀ ti tó, olówó pọ́ọ́kú sì ń ṣe dáadáa bí olówó ńlá, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa náwó ràpàtà síbẹ̀. Gọ́ọ̀mù tá a fi ń lẹ láàṣì, ìyẹn irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Látẹ́ẹ̀sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ara àwọn kan ò sì gbà á, ojú á wú, á pọ́n, á máa ṣomi. Ẹ fi tíń-ń-tín sẹ́yìn etí tàbí sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú, torí kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ nìkan lara máa ń fèsì, ó lè tó ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún fáńdéṣọ̀n tẹ́ ẹ ò lò rí.

Ti ètè, lipstick olómi tó máa ń gbẹ mọ́ ètè ni mo fẹ́ràn, irú SuperStay Matte Ink ti Maybelline, ìfẹnukonu ò lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n òróró lọ̀tá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ nǹkan olóròóró, àárín ètè á ṣí. Torí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ìyàwó mú un dání.

Ayédèrú wà níta o, tó jọ ti gidi débi tí páálí ò fi yàtọ̀. Wọ́n ti rí lẹ́ẹ̀dì (òjé) àti kòkòrò ìdọ̀tí nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì wá àwòrán kóló kékeré tí ìdérí ẹ̀ ṣí sílẹ̀ lára ẹ̀, nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀, bíi 6M tàbí 12M, iye oṣù tẹ́ ẹ lè lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí i nìyẹn. Mascara ò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ kùn yín náà ìgbà tó ṣí tiẹ̀. Ẹ má tijú.

Bówó ò bá pọ̀, orí fáńdéṣọ̀n àti setting spray, ìyẹn omi tá a fi ń fín ojú kí méékọ́ọ̀pù lè dúró, ni kẹ́ ẹ náwó sí, àwọn tó kù lè jẹ́ ohunkóhun tó bá mọ́ tí ara yín sì gbà. Ẹ wá fún tíráyà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ náà, ẹ má sì fi ìpara tuntun kankan kan ojú yín mọ́ láti ìgbà yẹn. Tí mo bá kùn yín tán, ẹ má lọ sílé lọ fọ̀ ọ́. Ẹ ṣiṣẹ́ yín, ẹ jẹun, ẹ jó díẹ̀ nínú yàrá kẹ́ ẹ làágùn, kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò ojú yín ní wákàtí méjì méjì, lẹ́bàá wíńdò, láìfi nǹkan kan tún un ṣe, kẹ́ ẹ fi gbogbo fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́. Orí wọn la máa jókòó lé pọ̀ láti mọ èyí tá a máa pààrọ̀.