Pọ́ǹpù nínú iṣẹ́ ọṣẹ

Pọ́ǹpù nínú iṣẹ́ ọṣẹ ni ẹ̀rọ tó ń gbé epo, omi sódà, ásíìdì àti ọṣẹ olómi láti àgbá kan sí òmíràn. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí kòkó àti ọ̀pẹ ti pọ̀, eérú èèpo kòkó àti àdín wà lára ohun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Igbá àti korobá ló ń ṣe iṣẹ́ pọ́ǹpù níbẹ̀. Bí ohun tí wọ́n ń pò bá ti ju agbára apá lọ ni ẹ̀rọ ń di dandan, kò sì sí ẹyọ kan tó bá gbogbo rẹ̀ mu.

Omi sódà, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n pò mọ́ omi, ṣàn, àmọ́ ó ń jẹ nǹkan. Pọ́ǹpù alábẹ̀bẹ̀, irú èyí tó ń fa omi kànga, lè gbé e bí ara rẹ̀ bá jẹ́ irin tàbí ike tó yẹ. Alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ kàn án: sódà á jẹ ẹ́, á sì tú háídírójìn sílẹ̀, gáàsì tó ń gbiná.

Epo ń tẹ̀lé ojú ọjọ́. Àdín ń yọ́ ní nǹkan bí 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, epo pupa ní nǹkan bí 35. Ní àárọ̀ ọyẹ́, pọ́ǹpù tó gbé epo dáadáa lánàá lè máa yí lásán, àfi bí wọ́n bá fi ooru sí àgbá àti páìpù.

SLES, èròjà tó ń mú ọṣẹ olómi hó, tí àwọn ọlọ́jà mọ̀ sí Texapon, ló ṣòro gbé jù. Èyí tí SLES jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí ìyókù jẹ́ omi, ki bí ẹ̀kọ tútù. Ẹni tó bá bu omi díẹ̀ sí i kí ó lè ṣàn yóò rí òdìkejì: láàárín bí ìdá 30 sí 60, ṣe ló tún ń le sí i, páìpù a sì dí. Ó di bí ìdá 28 kó tó ṣàn. Abẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Pọ́ǹpù tó ń bù ú díẹ̀díẹ̀ tì síwájú ló yẹ ẹ́, bí oníjíà, tí eyín jíà méjì ń gbé e kọjá, tàbí èyí tí René Moineau ará Faransé gbé jáde ní nǹkan bí 1930, tí irin lílọ́ ń yí nínú rọ́bà.

Sulphonic acid, ásíìdì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ olómi, náà ki, ó sì ń jó awọ ara. Pọ́ǹpù tí afẹ́fẹ́ ń ti awọ rọ́bà rẹ̀ síwá sẹ́yìn dára fún un, torí kò ní ọ̀pá tó ń yí tí ásíìdì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí ásíìdì kì í jẹ.

Ọṣẹ tó ti délẹ̀ kò fẹ́ eré. Pọ́ǹpù tó bá ń sáré jù á gbá afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, á hó kún àgbá, ìgò kò sì ní kún dọ́gba. Ẹnu páìpù máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ọṣẹ nínú àgbá kí ó má baà ta. Lọ́fínńdà àti àwọ̀ kì í pọ̀. Pọ́ǹpù kékeré tó ń tẹ họ́ọ̀sì ló ń wọ̀n wọ́n sí i.