Bí Aago Ọwọ́ Ṣe Ń Fi Lílù Ọkàn Ṣírò Kálórì

Ẹni tó gun Òkè Sóbì ní Ìlọrin ní àárọ̀ ọyẹ́, tó wo aago ọwọ́ rẹ̀ tó sì rí i pé òun ti ná kálórì 350, lè rò pé ṣe ni aago náà wọn agbára tó ti ara òun jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí ọkàn lù ni aago kà. Ìṣirò ló gbé e dé orí kálórì.

Bí a bá yí aago náà dojú dé, a ó rí iná aláwọ̀ ewé kéékèèké tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa fa irú ìmọ́lẹ̀ yìí mu, nítorí náà, nígbàkigbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn-ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sínú aago á dín kù díẹ̀, àyípadà yẹn ni aago sì ń kà. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà kò lo ìmọ́lẹ̀ rárá. Iná mànàmáná kékeré tó ń mú ọkàn lù ló ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi rin ín kí wọ́n tó so ó, òun ló sì máa ń péye jù fún ẹni tó ń sáré.

Láti ibi lílù ọkàn dé orí kálórì, ọ́síjìn ló wà láàárín. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń béèrè ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ bá a, bí iṣẹ́ bá sì ṣe ń le ni ọkàn ń yára. Lítà ọ́síjìn kan tí ara bá lò dúró fún nǹkan bíi kálórì 5. Àwọn onímọ̀ fi èyí wé bí ọkàn oríṣiríṣi ènìyàn ṣe ń lù lẹ́nu eré ìdárayá, wọ́n sì fa ìlànà ìṣirò yọ tó ń lo ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni. Nínú ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, ọkùnrin ẹni 40 ọdún tó wọn kìlógíráàmù 70, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 130 ní ìṣẹ́jú kan, á ná bíi kálórì 350 ní ìdajì wákàtí.

Ooru Ìlọrin ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù. Bí ọkùnrin yẹn bá gun òkè kan náà ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹta, ọkàn rẹ̀ ní láti ti ẹ̀jẹ̀ sí awọ ara kí ooru lè jáde, òógùn sì ti ń fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó lè wá máa lù ní ìgbà 140. Aago á sọ pé ó ná bíi 395, bẹ́ẹ̀ òkè kò ga sí i, ẹrù kò sì kún tirẹ̀. Ooru ló ni èyí tó lé. Ìbẹ̀rù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ọ̀kadà tó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ mọ́tò ní ọ̀nà Táíwò, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì lórí ìjókòó. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára, wọ́n á mú kí iye tí aago sọ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dára kí ẹni tó ń lò wọ́n mọ èyí.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dán irú ẹ̀rọ ọwọ́ méje wò. Mẹ́fà nínú wọn ka lílù ọkàn dáadáa, àṣìṣe wọn kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ní ti kálórì, èyí tó péye jù fi ìdá 27 ṣìnà. Nítorí náà, wákàtí kan náà àti òkè kan náà ni kí ènìyàn máa fi wé ara wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó sì tún ìwọ̀n ara rẹ̀ kọ sínú aago nígbà tó bá yí padà.